Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: "Old" Ní Òdìkejì Ju Ẹyọ Kan Lọ

  

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ ìyá kan. A kì yóò dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì yóò dárúkọ ìlú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 8, wà ní ilé ìwé. Wọ́n béèrè ní kíláàsì pé kí ni òdìkejì "old". Ọmọ náà nawọ́, ó dìde, ó ní "young". Olùkọ́ wo ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀, ó rí "new" níbẹ̀, ó ní ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, ó sì nà án ní ẹgba mẹ́ta. Ìyá náà sọ fún wa pé láti ọjọ́ náà ni ọmọ òun kò ti nawọ́ mọ́ ní àkókò Gẹ̀ẹ́sì, àti pé bí a bá bi í ní ìbéèrè ní ilé, yóò dákẹ́, yóò sì máa wo ilẹ̀. Ó wá bi wá léèrè pé: nínú tíṣà àti ọmọ, ta ni ó jàre?

Ìdáhùn wa kò gùn. Ọmọ náà jàre. Ìwé tí ó wà níwájú olùkọ́ kò sì purọ́. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ìbéèrè náà, nítorí pé a kò sọ fún ọmọ náà ohun tí a ń pè ní "old". Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, "young" ni òdìkejì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tàbí ilé ni, "new" ni. Ẹgba kò tọ́ sí ẹni tí ó fi ìdáhùn tí ó tọ̀nà dá ìbéèrè tí kò pé lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń bu ẹnu àtẹ́ lu kíkọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ní méjì-méjì. Ọ̀nà tí ó dára ni. Àwọn àgbà wa ní tibi-tire ni a dá ilé ayé, ọ̀rọ̀ sì rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: bí a bá mú ọ̀kan, ó ń fa èkejì lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá mọ "hot" yóò tètè mọ "cold", nítorí pé iná ìdáná àti omi odò ti kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ méjèèjì kí ó tó mọ A, B, D.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Òyìnbó mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1852, dókítà kan tí ń jẹ́ Peter Mark Roget tẹ ìwé ńlá kan jáde tí a ń pè ní Thesaurus. Kò fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìtumọ̀ ni ó fi tò wọ́n, níbi tí ó bá sì ti ṣeé ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ àti òdìkejì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní ọdún 1852 kan náà ni Samuel Ajayi Crowther tẹ gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní London. Nígbà tí ó di ọdún 1930, C. K. Ogden ti Cambridge gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan kalẹ̀ fún àwọn àjèjì, tí ó pè ní Basic English. Ọ̀rọ̀ 850 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú wọn, 150 jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ó sì ya 50 sọ́tọ̀ nínú 150 náà pé kí wọ́n jẹ́ òdìkejì. Ẹ wo bí ó ti tò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni "old" wà nínú àwọn 50 náà, ṣùgbọ́n nínú 100 yòókù, "new" wà níbẹ̀, "young" sì wà níbẹ̀. Bákan náà ni "short": ẹ̀ẹ̀kan ni ó wà, ṣùgbọ́n "long" àti "tall" jọ wà láàárín àwọn 100 náà. "Thin" pẹ̀lú ní "thick" àti "fat". Ọkùnrin tí ó ń wá bí ọ̀rọ̀ yóò ti kéré tó pàápàá kò dín òdìkejì "old" kù sí ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń lọ sí Cambridge fún? Ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé tiwa. Ẹ bi ọmọ yín pé: "Ọkùnrin yìí kúrú, kí ni òdìkejì rẹ̀?" Yóò ní: "Ó ga." Ẹ tún bi í pé: "Okùn yìí kúrú ńkọ́?" Kò ní sọ pé okùn ga, yóò ní: "Ó gùn." Ẹ bi í ní ti òkúta tí ó le, yóò wá ohun tí ó rọ̀. Ẹ bi í ní ti iṣẹ́ tí ó le, yóò wá èyí tí ó rọrùn. Kò sí olùkọ́ tí ó fi ẹgba kọ́ ọ ní èyí. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni, nǹkan náà sì wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ó ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó fi èyí hàn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Òun ni "tutù". Omi tutù: òdìkejì rẹ̀ ni pé ó gbóná. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tutù: òdìkejì rẹ̀ ni pé ó gbẹ. Ẹja tútù: òdìkejì rẹ̀ ni ẹja gbígbẹ. Ọlọ́kàn tútù: òdìkejì rẹ̀ ni onínúfùfù. Nígbà tí ó bá di ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbà: "cold" fún omi, "wet" fún aṣọ, "fresh" fún ẹja, "gentle" fún ènìyàn. Ọmọ tí a kọ́ pé "tutù ni cold", tí a kò sì kọ́ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sọ pé "My cloth is cold" nígbà tí òjò bá pa á dé ilé ìwé, ẹni tí ó gbọ́ ọ kò sì ní mọ̀ pé aṣọ mìíràn ni ọmọ náà ń fẹ́.

Kí ni ó wá mú kí ohun tí ó rọrùn ní Yorùbá di ìṣòro ní Gẹ̀ẹ́sì? Èrò tiwa ni pé ètò ọ̀rọ̀ ni ó fà á. Àwa a máa dárúkọ nǹkan ná kí a tó sọ bí ó ti rí. A ní aṣọ, lẹ́yìn náà a ní tuntun: aṣọ tuntun. A ní igi, lẹ́yìn náà a ní gíga: igi gíga. Kí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó jáde lẹ́nu wa, olùgbọ́ ti mọ ohun tí a ń sọ. Òyìnbó a máa fi àpèjúwe ṣíwájú: "new cloth", "tall tree". Nígbà tí ó bá ní "old", etí ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn kò tíì mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn tàbí aṣọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í pẹ́ kí nǹkan náà tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ òdìkejì, a já ọ̀rọ̀ náà gbà kúrò lọ́wọ́ nǹkan rẹ̀, a kọ ọ́ sí ojú pátákó ní òun nìkan, a sì ní kí ọmọ wá èkejì rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a rán ọmọ sí ilé Bàbá Táíwò tí a kò sọ àdúgbò fún un. Bàbá Táíwò kò pé kan ní ìlú.

Ohun kan tún wà nínú ètò yìí. "Ga", "kúrú", "tutù" àti "le" tiwa lè dá gbólóhùn gbé. Bí a bá ní "igi náà ga", ọ̀rọ̀ ti parí. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; ó ń fẹ́ "is" kí ó tó dúró: "The tree is tall." Ọmọ tí ó bá kọ́ "tall, short" lásán láìsí gbólóhùn yóò máa wí pé "The tree tall", a ó sì tún nà án nítorí èyí náà.

Nítorí náà, a to díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí pẹ̀lú nǹkan wọn. Ẹ gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Old man, young man. Old cloth, new cloth.
Short man, tall man. Short rope, long rope.
Thin man, fat man. Thin book, thick book.
Hard bed, soft bed. Hard question, easy question.
Light load, heavy load. Light room, dark room.
Right hand, left hand. Right answer, wrong answer.

Ẹ wo "light": ẹrù tí ó fúyẹ́ ni ní apá kìn-ín-ní, yàrá tí ó mọ́lẹ̀ ni ní apá kejì. Ẹ wo "right": ọ̀tún ni, ohun tí ó tọ̀nà sì ni pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá ní "left" nígbà tí a béèrè òdìkejì "right" kò ṣì í, bí kò bá ṣe pé a ti sọ ohun mìíràn fún un tẹ́lẹ̀.

Ohun kejì tí a fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ ni pé òdìkejì kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Aristotle, amòye ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa, ti rí èyí. Ó ní àwọn kan wà tí kò sí àárín fún, bí nọ́ńbà: èyí tí kò bá jẹ́ "even" yóò jẹ́ "odd". Àwọn kan sì wà tí àárín wà fún, bí funfun àti dúdú, tí àwọ̀ eérú wà láàárín wọn. Omi tí kò gbóná kò tíì di omi tútù. Ó lè jẹ́ lọ́wọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka orí kẹta ìwé Ìfihàn, ẹ rántí pé ọ̀nà mẹ́ta ni lẹ́tà sí ìjọ Laodikea pín ọ̀rọ̀ náà sí, kì í ṣe méjì. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní "warm" àti "cool" láàárín "hot" àti "cold". Nítorí náà "not hot" kì í ṣe "cold". Bẹ́ẹ̀ ni "not bad" kì í ṣe ìbáwí. Ọmọ tí a bá kọ "not bad" sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún. Ó jọ "kò burú" tiwa, tí a ń sọ nígbà tí a bá tẹ́wọ́ gba nǹkan.

Kì í ṣe nítorí gírámà nìkan ni a ṣe tẹnu mọ́ èyí nínú ojú ewé ìdílé. A ń gbọ́ bí àwọn òbí kan ti ń pe ọmọ tí kò gba ipò kìn-ín-ní ní òmùgọ̀, bí ẹni pé "clever" àti "foolish" rí bí "even" àti "odd". Láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa wà, níbẹ̀ ni a sì ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan yàtọ̀ sí ọmọ tí kò lè mọ̀ ọ́n láé. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí ọmọ, nítorí pé ó lè gba orúkọ tí ẹ sọ ọ́ gbọ́.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé nínú méjì-méjì wọ̀nyí, ọ̀kan a máa ṣe olórí nígbà tí a bá ń béèrè ìwọ̀n. Òyìnbó a máa béèrè pé "How old is the baby?" bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni a bí ọmọ náà, a ó sì dá a lóhùn pé "One day old." Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìkókó ti darúgbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni "How tall?" àti "How long?" Ẹni tí ó bá béèrè pé "How short is he?" ti gbà ná pé ẹni náà kúrú. Àwa pẹ̀lú a máa béèrè pé báwo ni ọmọ ti ga tó, bí kò tilẹ̀ tíì ga ju orúnkún bàbá rẹ̀ lọ.

Ohun kẹta ni àwọn òdìkejì tí a ń fi ègé kékeré sí iwájú ọ̀rọ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ń lo "un", "in", "im" àti "dis": "kind", "unkind", "patient", "impatient", "honest", "dishonest". Ó jọ "àì" tiwa, tí ó ń sọ ìmọ̀ di àìmọ̀, tí ó sì ń sọ ìgbọràn di àìgbọràn. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kòtò wà lójú ọ̀nà náà. "Invaluable" kì í ṣe òdìkejì "valuable". Ohun tí ó ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè dá iye lé e ni. "Infamous" kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀. Ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìwà búburú ni. Èyí tí ó léwu jù lọ ni "inflammable", tí a máa ń kọ sí ara ọkọ̀ agbépo. Ẹni tí ó bá rò pé "kì í ṣe" ni "in" ibẹ̀ túmọ̀ sí yóò rò pé nǹkan náà kò lè gbiná, bẹ́ẹ̀ kíákíá ni ó ń gbiná. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí láti tiná bọ nǹkan ni ó ti wá. Nítorí ewu yìí ni National Fire Protection Association ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe rọ àwọn ènìyàn ní àwọn ọdún 1920 pé kí wọ́n máa lo "flammable" dípò rẹ̀. Ìtumọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní. Òdìkejì wọn ni "non-flammable". Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí kí ẹ tó rán wọn lọ ra epo.

Báwo ni a ó ṣe kọ́ wọn nínú ilé? A dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí a tó kó ara jọ fún àdúrà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbé nǹkan sí iwájú ọmọ: ife omi, ọ̀bẹ, okùn, aṣọ. Kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó dárúkọ rẹ̀, kí ó sì sọ gbólóhùn tí ó pé: "This knife is sharp." Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú wá, kí ó ní: "This knife is blunt." Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ẹ sì pa nǹkan dà. Bí ó bá ti ṣe "old man" tán, ẹ fi agbọ̀n tí ó ti gbó hàn án, kí ẹ wò ó bóyá òdìkejì yóò yí padà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bi í bóyá àárín wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ó kọ wọ́n sí ìwé kékeré kan pẹ̀lú nǹkan wọn. Orísìí méjì lójúmọ́ tó. Bí ẹ bá ṣe é ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 5 wọn yóò pé 50, iye kan náà tí Ogden yà sọ́tọ̀.

Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Kí ó mú nǹkan náà dání, kí ó béèrè òdìkejì rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ni ó ni apá tí ó ṣòro jù. Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó kù fún ẹ̀gbọ́n.

Ní ti olùkọ́, a bẹ ìyá tí ó kọ̀wé sí wa pé kí ó má ṣe bá a jà, kí ó má sì ṣe bú u níwájú àwọn ọmọ. Ọmọ púpọ̀ ni ó wà níwájú olùkọ́, ìdáhùn kan ni ìwé sì fún un. Ìyá wa, ẹ lọ rí i nígbà tí ilé ìwé bá ti parí. Ẹ kí i, kí ẹ sì mú ìwé kékeré kan dání tí a kọ gbólóhùn wọ̀nyí sí: "My grandmother is old, my sister is young. My bag is old. Your bag is new." Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ yín kà á sókè ní kíláàsì. Níbi tí ojú ti ti ọmọ ni ó yẹ kí a ti gbé orí rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ní alẹ́ òní gan-an, ẹ pe ọmọ náà, ẹ sọ fún un pé ó jàre, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ kan ni a ní fún yín. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Bí ọmọ bá fún yín ní ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé, kí ọwọ́ tó kan ẹgba, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Old what?"

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ wá òdìkejì "fresh" nínú "fresh bread", nínú "fresh fish", àti nínú "fresh water", tí í ṣe omi odò. Ẹ wá òdìkejì "rough" nínú "rough board" àti nínú "rough boy". Ẹ wá òdìkejì "poor" nínú "poor man" àti nínú "poor work". Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ti ẹlòmíràn. A ó tẹ ìdáhùn jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run bùkún ilé yín.